Ìlà Tàdáwà Tí Mo Sún

Ẹ gbé ife ọtí yín sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá tún kí mi kú oríire ọjọ́ ìbí, màá lé e jáde. Eruku òkúta ti dí ẹ̀dọ̀fóró mi pa, dókítà sì ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ti kọjá ogún dáadáa, òótọ́ sì ti bá a lónìí. Suyun, má lọ sí ibi ìdáná. Jókòó, jẹ́ kí ọbẹ̀ yẹn tutù. Ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ mọ òkúta iyebíye jéèdì ńlá tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa níbí ní Yangzhou, èyí tí a gbẹ́ òkè àti igi páìnì sí, tí bàbá arúgbó kan ń gun ọ̀nà tóóró lọ láàárín wọn. Orúkọ mi ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń tò láti wò ó, wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Qiu nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìdajì òkúta sì ni, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé báwo ló ṣe di ìdajì.

Nígbà tó ṣì wà lódidi, èmi àti bàbá Suyun, Zhan Rulin, la jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Mu. Rulin ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ṣáájú mi, torí náà ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ó fẹ́ràn mi, ó máa ń bu ẹran inú abọ́ rẹ̀ sí tèmi. Mò ń jẹ ẹran náà, inú sì ń bí mi pé ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́? Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé iná sẹ́yìn òkúta náà, ó fi ibi tó ti sán nínú hàn wá. Láìsí iná yẹn, ojú lásán ò lè rí i. Ìlà tí ọ̀gá bá fi tàdáwà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la fi ń mọ ibi tí irin á gbà. Ẹ̀yin náà mọ òfin iṣẹ́ wa: ibi tí òkúta bá ti sán, ibẹ̀ ni odò á gbà, kí àléébù lè di ẹwà. Ọ̀gá ní omi á máa já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n irin ò gbọdọ̀ wọ ojú sísán náà tààrà. Ó ní Rulin ni kó ṣe é, àti pé orúkọ Rulin la máa fín sídìí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òun. Kò dárúkọ mi.

Omi tí a fi ń lọ òkúta máa ń fọ tàdáwà dànù, ọ̀gá á sì tún ìlà náà fà láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó fa ìlà rẹ̀ tán, ó bọ́ síta lọ mu tíì. Mo fi aṣọ tútù nu ìlà náà kúrò. Mo fa òmíràn, mo sún un wọnú díẹ̀, sórí ibi tó sán gan-an. Rulin wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, torí Suyun tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ ń wúkọ́, kò sì jẹ́ kó sùn. Ó wo òkúta náà títí.

"Àbúrò, ìlà yìí ò ti wọnú jù báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fẹ́ máa kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ ni? Àbí oorun ló ń kùn yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi irin kan òkúta. Ọmọ iṣẹ́ kì í bá ìlà ọ̀gá jiyàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fi mú un nìyẹn. Kò pẹ́ tí òkúta náà fi dún, ó là sí méjì. Omi ti fọ ìlà mi lọ pátápátá. Ọ̀gá sáré wọlé, ó ń sunkún. Rulin ní orí ìlà lòun wà, ó ní kí wọ́n bi mí. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹ gbọ́, mo ṣì lè tún un ṣe nígbà yẹn.

"Ọ̀gá, mo rí i. Ọwọ́ wọn ló yẹ̀. Oorun ń kùn wọ́n."

Èyí burú ju ìlà tí mo sún lọ, torí pé Rulin gbà mí gbọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní àbúrò òun ò lè parọ́ mọ́ òun, ó ní láti jẹ́ pé òun tòògbé. Wọ́n lé e. Títí di òní, ó ń pọ́n ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì lẹ́bàá títì, bí mo bá sì ń kọjá, á dìde kí mi. Èmi gba ìdajì òkúta, mo gbẹ́ ẹ, mo di èèyàn ńlá. Suyun, etí mi ni màmá rẹ ti ń bú ọ láti kékeré pé ikọ́ rẹ ló ba ayé bàbá rẹ jẹ́. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Mo wá gbà ọ́ síṣẹ́, o ń dúpẹ́, o ń se ọbẹ̀ fún mi, mo sì ń lá a. Ìkà ni mí.

Má sunkún níwájú mi, bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ń bu ẹran rẹ̀ fún yín tí inú ń bí yín sí i, ẹ tètè sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ má baà pa á. Mi ò tọrọ ìdáríjì, kò tọ́ sí mi. Ẹ lọ dojú òkúta náà dé, kí ẹ fi irin lọ orúkọ mi kúrò nídìí rẹ̀. Ìyẹn ṣì lè dúró. Bàbá Suyun ò lè dúró, òun náà ti darúgbó. Suyun, wọ bàtà rẹ. Lọ bá a níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ, di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, kí o sọ fún un pé ọwọ́ yẹn ò yẹ̀ rí.