Ọ̀wẹ̀ Tí Kò Níyán

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀sí búra pé òun yóò ti ẹni tó bá béèrè owó àfikún mọ́lé, mo wà lórí ìlà tí a ti ń gbowó iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá kan níwájú mi ló sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, ìgbà ìrun alásárì la fàdéhùn sí pé a ó máa ṣíwọ́. Ẹ ń dá wa dúró di mọ̀gàríbì tílẹ̀ fi ń ṣú. Owó ìyẹn dà?”

“Baba, ọ̀wẹ̀ lẹ fìyẹn ṣe!”

“Ọ̀wẹ̀ kẹ̀? Ẹni tó bẹ̀wẹ̀ a máa gúnyán fáwọn tó wá. Iyán tiyín dà?”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. “Iyán dà?”

Ọ̀gá wò wá títí, òun náà rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, san án fún wọn. Mi ò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé mọ́.”

Èmi náà lọ gba owó àfikún tèmi.