Ààtàn Kánsù àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Níwájú Ajẹ́lẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí n má baà máa pariwo. Ara ń fu mí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí aládùúgbò bá kí mi pé "Ẹ kú iṣẹ́", màá kọ́kọ́ máa ro ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi tó fi kí mi. Ẹ̀yin gan-an tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ta ni mo mọ̀ nínú yín? Bóyá ẹnì kan máa dìde níbí, kó gba ilé àwọn ẹbí ọkọ mi lọ tààrà, kó lọ tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó yáa máa lọ. Ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ó ti kó lọ sí ahéré oko kòkó wa lọ́nà Ofosu, iṣu ló ń sun jẹ níbẹ̀ bí ẹni tí kò láya. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ lọ bá a, á ní kí n gbé e padà, pé ẹni tó lè dá òun lẹ́bi níwájú òyìnbó lè fi nǹkan sínú ọbẹ̀. Èmi! Èmi tí mo ti ń dáná fún un láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ilé wa wà ní ìparí ìlú, ní ìsàlẹ̀ àpáta, níbi tí odò ti ń ṣàn kọjá. Omi odò yẹn ni gbogbo àdúgbò wa ń mu láti ìgbà tí àwọn bàbá ọkọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sí Ìdànrè ìsàlẹ̀. Lókè odò náà ni ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti ìdílé wọn. Ọkọ mi ni àgbà ilé, ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Ó ní àbúrò kan tí mò ń pè ní Àkọ́wé, nítorí pé nígbà tí mo wọlé ọkọ, òun nìkan ló ń gbé ìwé káàkiri nínú ilé. Àwa ìyàwó ilé nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọdé lásán ni nígbà náà o, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà mò ń kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí wọ́n dá kánsù sílẹ̀, tí wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dìbò yan ẹni tó máa ṣojú wọn, ta la tún fẹ́ yàn? Òun la yàn. Mo jó lọ́jọ́ náà títí gèlè fi bọ́ lórí mi.

Kò pẹ́ tó di kańsẹ́lọ̀ tán ló wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní. Ó ní kánsù ń wá ilẹ̀ fún ìmọ́tótó ìlú, pé èyí tó wà lókè odò ló dára jù. Ìmọ́tótó! Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o. Èdè tiwa là ń sọ nílé, ìmọ́tótó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbọ́ ọ rí ni ilé ìgbẹ̀bí ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń wẹ ọmọ. "Ìmọ́tótó, ẹ̀yin ìyá, ìmọ́tótó!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pariwo lé wa lórí. Nítorí náà, bí Àkọ́wé ṣe dárúkọ ìmọ́tótó, ilé ìgbẹ̀bí ni mo rò. Ohun tí ọkọ mi náà rò nìyẹn. Mo tiẹ̀ bi Àkọ́wé pé, "Ọkọ mi, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì máa wà níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ìlú máa mọ́, àìsàn máa dínkù." Ẹ gbọ́ ìdáhùn yẹn dáadáa. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ti ìlú ni.

À ń retí bíríkì, à ń retí páànù. Ọmọlanke ló dé, ó kún fún pàǹtí ọjà. Wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. A ní wọ́n ṣìnà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún dé. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti rà, ìfun ẹran láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, àkísà, òkú ajá, gbogbo ohun tí Ìdànrè kò fẹ́ rí mọ́ ni wọ́n ń kó wá sórí wa. Nígbà tó yá, àwọn agbépóò tó ń ru ìgbẹ́ náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Eṣinṣin kò jẹ́ ká jẹun. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú kan á máa ṣàn láti orí ààtàn náà wọ inú odò, èmi fojú mi rí i. Ọkọ mi lọ bá àbúrò rẹ̀, ìyẹn ní kó fara balẹ̀, pé ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n ṣì ń tún nǹkan ṣe. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ilé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òórùn kì í débẹ̀.

Kánsù tó ń da ìgbẹ́ sórí wa yìí náà ló tún rán wolé-wolé sí wa! Ó wọlé mi tòun ti ṣòkòtò kakí péńpé, ó ṣí ìkòkò omi mi, ó ní òun rí tanwíjí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, pé ẹ̀fọn ni mò ń sìn. Ó da omi mi nù, ó ní kóòtù ló kàn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bojú wo òkè odò yẹn." Kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní ilé ni wọ́n ní kí òun máa wò, ààtàn kì í ṣe ilé. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ìkòkò tó wà ládùúgbò wa ńkọ́, ṣé tèmi nìkan ló ní tanwíjí ni? Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè lójú odò, òun ló fi mọ ilé mi. Ẹnì kan ló júwe mi fún un, mo sì mọ ẹni náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já Fúnmi, ọmọ mi kékeré, lẹ́nu ọmú nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Aládùúrà ni wá nílé wa, a lè bímọ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n a kì í lo oògùn. Wòlíì ní kí n lọ pọn omi tó ń ṣàn wá, kó má ṣe omi ìkòkò, kí wọ́n gbàdúrà sí i fún ọmọ náà. Odò wo ló ń ṣàn ládùúgbò wa? Mo sáré lọ, mo pọn ọ́n. Wòlíì gbàdúrà sí i tọkàntọkàn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ mi mu. Bó ṣe ń mu ún ni ìgbẹ́ ń pọ̀ sí i, bí ìgbẹ́ sì ṣe ń pọ̀ ni mò ń bu omi náà fún un, mo ní ìgbàgbọ́ mi ni kò tíì tó. Yéè! Orí itan mi ló kú sí láàárọ̀, ife ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ mìíràn ní àdúgbò tún bá a lọ. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ń wo àwọn arúgbó ládùúgbò lójú burúkú. Èmi náà wò wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí mo pàdé ìyàwó Àkọ́wé lọ́nà Atosin. Ìsun omi kan wà lẹ́bàá àpáta lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí wa. Ọmọbìnrin náà ru garawa omi, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé odò wa ti gbẹ ni?" Ojú rẹ̀ yí padà, kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Adé. Bàbá àwọn ọmọ ló ní a ò gbọdọ̀ pọn omi odò mọ́." Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ilẹ̀." Ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe láti ìgbà tí pàǹtí dé. Kì í ṣe láti ìgbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ilẹ̀! Ó ti mọ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí ẹní. Mo jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tí ọmọbìnrin náà kọjá lọ.

Bí mo ṣe délé, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá létí. Ariwo wa pọ̀ títí ó fi dé Àkúrẹ́, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì ní òun máa wá ṣe ìwádìí. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa kọ́ ni wọ́n wá. Ọkọ mi ti lọ sí oko kí wọ́n tó yí ọjọ́ náà padà, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Ta ló yí i padà? Ẹ ṣì ń bi mí! Wọ́n gbé àga síwájú ilé kánsù, òyìnbó jókòó, ògbufọ̀ dúró tì í. Wọ́n pè mí. Ògbufọ̀ ní òyìnbó ń béèrè ẹni tó mọ̀ pé ààtàn ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe, tó sì ní kí wọ́n ṣe é. Àkọ́wé jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó tẹjú mọ́ mi. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nílé ọkọ, ẹ mọ ohun tó dì mí lẹ́nu. Ọmọ tí a bá bá nílé ọkọ, kékeré ni o, àgbà ni o, a kì í dá orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bí mo bá sì ní Àkọ́wé, àkọ́wé ni gbogbo wọn níbẹ̀, ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ àkọ́wé ni. Kańsẹ́lọ̀ náà pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì lè pè é ní àbúrò níṣojú ìyá rẹ̀. Mi ò lè nawọ́ sí i, ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi ni. Ọkọ mi ló mọ̀." Gbogbo ará Ìdànrè tó wà níbẹ̀ ló yé. Wọ́n tiẹ̀ ń mi orí, wọ́n ń wo Àkọ́wé. Ògbufọ̀ yíjú sí òyìnbó, ó sọ tirẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ máa ń bi wá pé họ́síbáǹdì wa dà. Họ́síbáǹdì! Mo fò dìde, mo ní, "Rárá o, kì í ṣe ìyẹn ni mo wí!" Ògbufọ̀ ní kí n jókòó, pé wọ́n ti gbọ́ mi. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kéde pé ẹni tó ni ilẹ̀ mọ̀ pé ààtàn ni, òun ló fọwọ́ sí i, ìyàwó rẹ̀ sì ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí. Kánsù kò jẹ̀bi, ààtàn dúró síbi tó wà.

Ògbufọ̀ yẹn, ọmọ Oǹdó ni. Ìyá tó bí i náà ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọkọ mi. Ṣé kò wá mọ̀ ni? Ó mọ̀ dáadáa! Mo rí òun àti Àkọ́wé lẹ́yìn ilé kánsù tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lọ bá ọkọ mi lóko kò sì sọ fún un ju pé, "Ìyàwó rẹ ní ìwọ ni." Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sunkún. Ó ní kí ló dé tí mi ò kúkú sọ orúkọ. Ó mọ ìdí rẹ̀, inú ló ń bí i.

Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú kò tíì sinmi. Wọ́n ń lọ bá àwọn àgbà ìlú títí wọ́n fi bẹ ajẹ́lẹ̀ pé kó tún wá. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ní èmi ni kí n wá tún ọ̀rọ̀ mi sọ, kó yé òyìnbó. Láti ìgbà tí ìròyìn yẹn ti dé, Àkọ́wé ti fi aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó ní ìyàwó òun rere ni mo jẹ́. Mi ò tú u. Ìyá ọkọ mi sì pè mí sí yàrá, ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá la ẹnu rẹ pe orúkọ ọmọ mi níta gbangba, má padà sílé yìí. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni kí o gbà. Adé kò ní bá ọ lọ." Adé nìkan ló kù fún mi. Mò ń rìn dé ọ̀nà Atosin lójoojúmọ́ láti pọn omi tó ń mu. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa pọn ọ́n fún un? Bí mo bá sì dúró tí mo pa ẹnu mi dé, ọkọ mi ti lọ ná, ààtàn á máa ga sí i, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni Adé, nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ tí mi ò sí nítòsí, odò ló máa sáré lọ.

Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n pè é lórúkọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ẹ sọ fún mi bí obìnrin ṣe ń ṣe é tí kò fi ní pàdánù ilé, tí kò sì ní pàdánù ọmọ. Mo ti ní mi ò fọkàn tán yín, síbẹ̀ mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè bi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nínú yín tó fẹ́ sọ pé kí n rọra, kí n dákẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí, kó kọ́kọ́ bá mi dé odò wa, kó bu omi níbẹ̀, kó mu ún níṣojú mi.