Àwo Tí N Kò Kà Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi, n kò sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì fẹ́ fi ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mo kọ́ ní fásitì. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí iṣẹ́ ní lábù kékeré kan níhìn-ín ní Ìlọrin, níbi tí a ti ń yẹ omi wò fún àwọn ilé-ìwé, àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá. Bọ̀dá Saliu ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọn kì í ṣí àwo àyẹ̀wò kan láìkọ́kọ́ sọ pé "Bísímílà."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó da omi díẹ̀ sínú àwo kékeré onídèérí tí oúnjẹ kòkòrò ti wà nínú rẹ̀, a ó gbé e sínú àpótí tó ń móoru. Lẹ́yìn ọjọ́ kan a ó ka iye àmì tóótòòtó tó hù lójú rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì a ó tún un kà, nítorí àwọn kòkòrò kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó hù. Èmi ni mò ń kà, Bọ̀dá Saliu ni wọ́n ń fọwọ́ sí i. Wọn kì í tún un kà lẹ́yìn mi. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sí lábù pé, "Ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka nǹkan."

Nígbà náà mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ lábù kò burú, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dání lọ síbi iṣẹ́, mo sì máa ń jókòó tì í bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló ń gba àkókò mi jù. Mo wo àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n àwo, mo rí i pé bí ojú àwo bá mọ́ nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń mọ́ nígbà kejì náà. Bí ó bá sì hù, iye tó ń fi kún un kì í yàtọ̀ púpọ̀. Mo wá kọ ètò kan. Bí mo bá fi iye ọjọ́ àkọ́kọ́ sí i, yóò gbé iye ọjọ́ kejì jáde. Òun ni ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ tó ṣiṣẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò kà lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Ohun tí ètò náà bá sọ ni mò ń kọ sínú ìwé, Bọ̀dá Saliu á sì fọwọ́ sí i. Ó tó oṣù mẹ́rin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé gbogbo ọgbọ̀n àwo tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n, omi kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ jìn ni. Lọ́jọ́ kan, omi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan dé láti apá Òkè-Oyì. Kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tí kò jìn, tí ìdọ̀tí tètè ń wọ̀, ni tiwọn. Ojú àwo mọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ètò mi ní òdo, mo kọ òdo. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, ìyá kan tó gun ọ̀kadà wá, gba ìwé èsì lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ tó yẹ kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run á fi alubáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ibi tó nira jù fún mi láti kọ rèé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n kò mọ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí mo fẹ́ da àwọn àwo náà nù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo rí ti Òkè-Oyì. Ó ti hù. N kò kà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ìdọ̀tí ọwọ́ mi ló kó bá a. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló yẹ kí n tún omi náà yẹ̀ wò. Bí mo bá sì tún un ṣe, Bọ̀dá Saliu á bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo ti àwo náà bọ inú oògùn apakòkòrò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kò pé oṣù kan tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà lẹ́nu. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé omi yẹn ló fà á. Ara wọn yá, kò sí èyí tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà gbé omi lọ sí lábù mìíràn, wọ́n sì bá kòkòrò níbẹ̀. Wọ́n ti kànga náà pa.

Olùdarí wa pe èmi àti Bọ̀dá Saliu sí ọ́fíìsì. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i.

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni Bọ̀dá Saliu wí.

"Ṣé ẹ fi ojú ara yín rí àwo náà?"

Bọ̀dá Saliu wojú mi lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí èèyàn ń retí kí ẹlòmíràn bá òun rántí nǹkan. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n wá ní, "Mo fọwọ́ sí i, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Olùdarí dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù wọn, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n má jẹ́ kó dùn mí jù, pé bóyá ojú ló tan àwa méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ tí mo ti ṣe hàn. Ètò yẹn ni mo ṣí. Mo ní ó lè sọ èsì àyẹ̀wò kí àkókò rẹ̀ tó pé. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní ó hàn pé inú sáyẹ́ǹsì ni mo ti wá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí di òní nìyẹn, nínú yàrá mi ní àdúgbò Fate níhìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fẹ́ kí n wá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí mo ṣe kúrò ní lábù bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo máa ń wá àwáwí.

Bọ̀dá Saliu kò rí iṣẹ́ lábù mìíràn. N kò mọ̀ bóyá nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni, n kò láyà láti bi wọ́n. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé aládàáni kan, wọ́n sì ń sin adìẹ.

Nígbà tí wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo sá fi àwọn àti kòkòrò sílẹ̀, n kò tilẹ̀ kí kòkòrò pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní Rukayat, àkọ́bí wọn, ti parí ilé-ìwé gírámà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì wù ú. Wọ́n fẹ́ kó wá máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọwọ́ mi dí.

"Àbúrò, àwọn tó ń kọ́ni pọ̀ nígboro," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni mo fẹ́. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa ń ka nǹkan."

Mo ní kó máa bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, n kò lè dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn, bóyá ọmọ náà á sì pàdánù ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí mo bá dákẹ́, á máa pè mí ní Àǹtí, á máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe gbà á. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá olùdarí wa láti wẹ orúkọ wọn mọ́, àbí Bọ̀dá Saliu fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Ìyá tó ṣàdúà fún mi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n máa gbàdúà. Mo ń gbà á.

Rukayat fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀. Ó béèrè ètò tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi, ó ní òun fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.