Èmi Ni Mo Jó Kọ̀ǹpútà Mọ́tò Ìyá Tíṣà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò tíì ju ọdún mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mi ò lè gbé mọ́ra.

Iṣẹ́ rẹwáyà ni mò ń ṣe ní Fìdítì. Tí bátìrì mọ́tò ò bá gba cháájì, èmi ni wọ́n ń pè.

Tíṣà obìnrin kan wà tó máa ń ti Ìlọrà wá sí ilé ìwé ní Fìdítì. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ ló ń wà. Lọ́jọ́ kan, iná pupa bátìrì tàn níwájú rẹ̀, mọ́tò sì kú sọ́nà. Mo gbé bátìrì mìíràn lọ bá a, mọ́tò sì sitáàtì.

Ó wá kù kí n mọ̀ bóyá mọ́tò náà ń cháájì. Mítà tí mo lè fi wò ó wà nínú báàgì mi. Àmọ́ àwọn ọlọ́kadà ti pé lé wa lórí, ó sì wù mí kí wọ́n rí i pé ọ̀gá ni mí. Mo ní kí ìyá tíṣà fẹsẹ̀ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì lè ké sókè. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. Bí a ṣe ń ṣe é fún mọ́tò àtijọ́ nìyẹn: tí mọ́tò ò bá kú, ó ń cháájì. Mo mọ̀ pé mọ́tò ìsinsìnyí kì í gba irú ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè jó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi.

Ó dún pàà. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò jó.

Ọkọ rẹ̀ dé tìbínútìbínú. Díákónì ni, èèyàn líle. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Ìyàwó yín ló tẹ iná jù, sà."

Ìyá ò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀ létí títì, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo ní kó tẹ̀ ẹ́, mo dúró síbẹ̀, mò ń ká wáyà mi.

Mọ́tò yẹn di ilé adìyẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ra òmíràn, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀kadà ni ìyá ń gùn lọ sílé ìwé, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Tó bá sì rí mi, á kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹ jọ̀ọ́, ìkíni yẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti kú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wọn ra mọ́tò fún ìyá, ìyá ò gbà á. Ó mú ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní, "Ọ̀gá rẹwáyà, ẹ bá mi sọ fún un. Ojú yín kúkú ló ṣe. Ọwọ́ mi ò bá mọ́tò mu."

Ọmọ náà ń wojú mi. Mo ní, "Ohun tí màmá yín sọ náà ni." Ẹ wò ó, mo tún pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì!

Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí ìyá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo dúpẹ́ pé bàbá ẹ dárí jì mí kí wọ́n tó kú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ lọ bá a nílé lọ́jọ́ Àìkú, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Bóyá á dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti mú irọ́ mi lọ sí sàréè, ó gbà pé aya òun ló jẹ̀bi. Ta ni mo máa rán sí i lọ́run?