Àlòkù Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gún Fún Ìyàwó Wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹnu mi ṣì gbà á. Èmi tí ẹ ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òwú, tí ẹ máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí n lè tún ojú yín ṣe, èmi ni mo ba ojú ìyàwó àbúrò mi jẹ́. Mo parọ́ bò ó títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, ara sì tù mí débi pé mo lè wá sọ ọ́ fún ẹ̀yin oníbàárà mi àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi láìgbọ̀n.

Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ìyàwó wa yìí. Àìsàn kan ló gbẹ ẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá a padà. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sójú yìí. Bí mo bá wo dígí, ìyá mi àgbà ni mò ń rí.” Mo ní, “Ìyá rẹ àgbà kọ́, ebi ló ń pa ẹ́.” A rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn gan-an pé èmi ló sá wá bá. Àbúrò mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ojú sétí rárá, nítorí náà a fi ṣe àṣírí láàárín àwa méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ẹ̀lì tí a ń gún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mú un kún máa ń wà nínú síríńjì tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà fún. Èyí tí kò bá tán lára onítọ̀hún, dídànù ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ tẹnu mọ́ ọn títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n èmi kì í lè da nǹkan nù. Ahun ni mí, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. N ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀, n ó dé e padà, n ó tì í sẹ́yìn àwọn ìgò ohun mímu nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ náà, ìdajì kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ́kù lára oníbàárà mi kan, obìnrin tó máa ń rán aṣọ ìyàwó. Òun ni mo gún fún ìyàwó wa. Mo ní tuntun nínú àpótí o! Mo wò ó, mo ní ẹbí ni, ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe é fún un, kí ni mo ń já tuntun sí? Ohun tí mo sọ nínú ara mi yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ojú náà kọ́kọ́ dára, ó ń dán. Kò pẹ́ tí kókó kan fi yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó le bí èkùrọ́ lábẹ́ awọ. Bí òtútù bá mú un díẹ̀, tàbí bí eyín bá ń ro ó, ojú á wú, á pọ́n, á gbóná. Tó bá yá, á lọlẹ̀, kókó á sì wà níbẹ̀. Mo ní kó máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo ra oògùn tó ń mú ohun tó wú lọlẹ̀ fún un láìbi ẹnikẹ́ni. Ó lò ó, wíwú náà lọlẹ̀, ó tún padà dé bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó ní, “Àǹtí, ẹ fún mi nínú súìtì tí ẹ kì sẹ́nu.” Ìyàwó wa sọ ọ́ fún mi bí ẹ̀fẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe bú sẹ́kún láàárín ẹ̀rín náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ìbòmú lọ sílé ìwé.

Nígbà tó yá, àbúrò mi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo gbé báàgì ìyàwó wa dání bí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó mọ ìtọ́jú. Dókítà awọ ara, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, bi í léèrè ohun tí wọ́n gún sí i àti ẹni tó gún un. Ìyàwó wa wò mí. Kò fẹ́ tú mi fó níwájú àbúrò mi, ó ní òun kò mọ orúkọ ẹni náà. Ó yẹ kí n là á níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo ní, “Dókítà, obìnrin kan tó ń kiri ni. Mo gbọ́ pé irú èyí tí kì í kúrò lára láéláé ló máa ń gún fún èèyàn.” Mi ò tiẹ̀ kólòlò. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dárúkọ jẹ́ẹ̀lì tèmi, wọ́n á tọpa rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò mi kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “O jẹ́ kí ẹni tó ò mọ̀ rí gún ẹ lójú? Ṣé orí ẹ pé?” Ìyàwó wa dorí kodò, ó ń gba èébú tó jẹ́ tèmi.

Dókítà ní bó bá jẹ́ irú yẹn ni, kò sí oògùn tó lè yọ́ ọ, gígé ló kù. Ó ní àpá lè wà, àti pé iṣan tó ń gbé ẹnu sókè kò jìnnà síbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ẹnu lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fetí mi méjèèjì gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo tún dákẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì ti fi yíǹkì fàlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí ìyàwó wa pè mí súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Tí mo bá jáde tí mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, mi ò ní sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀yin ni.” Bó bá bú mi ni, mo ti múra sílẹ̀. Mi ò múra sílẹ̀ de àánú. Mo sáré jáde, mo bá dókítà níbi tó ti ń fọwọ́, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. “Dókítà, ẹ má gé e. Èmi ni mo gún un. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Ó ti ẹ̀rọ omi pa. “Kí lẹ gún?”

Mo dárúkọ rẹ̀.

“Tuntun ni?”

“Rárá, mà. Ó ṣẹ́kù lára ẹlòmíì ni. Inú fíríìjì ni mo tọ́jú ẹ̀ sí.”

Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ ò rí i pé ẹ fẹ́ jẹ́ kí n gé ohun tó ṣeé yọ́!” Ó wá ṣàlàyé pé oògùn wà tó ń yọ́ irú jẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣùgbọ́n kòkòrò ló bá àlòkù náà wọlé, òun ló ń jí dìde nígbàkígbà tí ara bá rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn pa kòkòrò náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ́ jẹ́ẹ̀lì. Oògùn tí mo rà, ṣe ló ń tẹ́ ibùsùn fún kòkòrò. Ó ní kí àwọn obìnrin méjèèjì tó lo síríńjì kan náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nọ́ọ̀sì fi òwú nu yíǹkì kúrò lójú ìyàwó wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ kúrò lórí mi.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi fúnra mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níwájú mi,” mo sì kúrò. Mo lọ bá obìnrin tó ń ránṣọ náà, ó lé mi jáde tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan lára òun, kò sì sí lára ìyàwó wa. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, orí àga ṣọ́ọ̀bù ni mo sùn lọ sí lọ́sàn-án gangan, mo ń han-run. Mo ti pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tì pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, torí irọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìyàwó wa ní jàǹbá ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Àbúrò mi, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí rẹ, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Kò sí àwáwí kankan lẹ́nu mi.

Oògùn pa ooru ojú náà, kókó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Nígbà tó ku abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ìyàwó wa ránṣẹ́ pè mí. Mo wọlé bí olè, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ wá di ọwọ́ mi mú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ran dókítà lọ́wọ́ o.” Dókítà alára bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa náà rẹ́rìn-ín, mo sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń là, ó dọ́gba lọ́tùn-ún, ó dọ́gba lósì.