Ọ̀rẹ́ Mi Tí Mo Jù Sílẹ̀ Ló Wá Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá bá mi nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òun ló wá bẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mùfútáù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Warehouse kan ní Brampton, ní Kánádà níbí, la ti pàdé, a jọ ń kó ẹrù. Nígbà yẹn mo ti ń ja gídígbò lópin ọ̀sẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Weston. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n o. Tiwa, ọgọ́rin èèyàn lè wá, ó sì lè jẹ́ ogún. Àwa fúnra wa la máa ń to àga, àwa náà la máa ń kó o. Ìjà náà, a ti mọ ẹni tó máa borí kí a tó gorí rìǹgì, ṣùgbọ́n ìṣubú ibẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá gbé ẹ sókè, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀mí ẹ wà.

Èmi ni mo mú Mùfútáù wá síbẹ̀. Èmi ni mo bẹ kóòṣì tó ń kọ́ wa pé kó gbà á. Kí ọdún kan tó pé, orúkọ rẹ̀ làwọn èèyàn ń pariwo. Èmi tí mo ti ń ṣubú lórí pákó rìǹgì yẹn fún ọdún mẹ́rin, "ọ̀rẹ́ Mufu" ni wọ́n ń pè mí. Kí n má purọ́ fún yín, ìlara ni.

Lọ́jọ́ kan kóòṣì sọ fún wa pé àlejò kan ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ gídígbò ńlá kan. Mùfútáù ló fẹ́ wá wò. Wọ́n ní kí èmi bá a jà, kí n máa gbé e ga kó lè fi ara rẹ̀ hàn dáadáa. Èmi! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Tí a bá gbé ẹnìkejì sórí èjìká láti jù ú, ẹni tó wà lókè ló máa sọ ìgbà tí a máa jù ú. Kò ní la ẹnu o. Á tẹ apá ẹ lẹ́ẹ̀kan: mo ti ṣe tán. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì: dúró, mi ò tíì ṣe tán. Òǹwòran ò lè rí i. Ohun àkọ́kọ́ tí kóòṣì kọ́ wa nìyẹn, ṣáájú bí a ṣe ń ṣubú pàápàá.

Mo gbé Mùfútáù. Ó tẹ apá mi lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ̀ẹ̀méjì ni, kì í ṣe pé mo ṣì í kà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti há sára okùn rìǹgì, kò sì tíì ká ọrùn rẹ̀ mọ́ra. Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí àlejò yẹn tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo jù ú.

Mi ò fẹ́ kó kú. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó fara pa. Mo kàn fẹ́ kó ṣubú játijàti lójú àlejò náà, kí wọ́n lè sọ pé kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Orí ló fi balẹ̀.

Kí ambulance tó dé, kóòṣì di èjìká mi mú, ó bi mí pé ṣé Mùfútáù fún mi ní àmì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mélòó? Mo ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí Mùfútáù lajú, kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ náà, kò sì rántí títí dòní. Èmi ló bi. Mo tún irọ́ náà pa létí ibùsùn rẹ̀. Ó pa ojú dé, ó ní, "Ìkánjú mi náà ni."

Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Kò lè kó ẹrù mọ́. Kóòṣì ní kó wá máa kọ́ àwọn tuntun. Gbogbo Sátidé, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìǹgì, á ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Mi ò tíì ṣe tán, mo ní kí wọ́n jù mí. Ẹni tó jù mí ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Èmi náà máa ń wà níbẹ̀, torí èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ, gbé e bọ̀. Mo máa ń wo bàtà mi títí á fi sọ ọ́ tán.

Èmi náà ò gorí rìǹgì mọ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló fà á, wọ́n ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí. Sàídátù ìyàwó rẹ̀, bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí, ó máa ń di oúnjẹ ìṣínu fún mi nígbà ààwẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé yẹn, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún mi.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà máa ń lọ bá àwọn tó bá ṣẹ̀, kó tọrọ àforíjì kó tó gbéra. Ohun tó gbé Mùfútáù wá nìyẹn. Elevator ilé wa bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀pá ló fi gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìkánjú mi ló sọ ẹ́ dẹni tí kò lè jà mọ́. Mo di ẹrù tí kì í ṣe tìẹ lé ẹ lórí. Forí jì mí nítorí Ọlọ́run." Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ ò jẹ́.

Ìyàwó mi ti ń sunkún. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Mo ti forí jì ẹ́." Háà! Èmi ni mo forí ji ẹni tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́! Mo sá wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Mo lọ bá ààfáà wa, mo ní ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ló ṣe báyìí báyìí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọkùnrin náà pé kó jẹ́wọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ. Mo ní màá sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú nínú ọkọ̀, rédíò ni mo máa ń tàn. Tí mo bá sọ ọ́, ṣé kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú ló máa fi lọ sílé Ọlọ́run? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, irọ́ mi ló ń gbé lọ síbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Lánàá ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun ń kọ orúkọ àwọn tí òun máa ṣàdúrà fún ní òkè Àráfà, èmi ni òun fi ṣáájú, ṣáájú àwọn ọmọ òun. Ó ní kí n sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí òun bá mi tọrọ, kí òun kọ ọ́ síwájú orúkọ mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yan ọ̀rọ̀ kúkúrú, torí ìkọ̀wé máa ń ni ọwọ́ òun lára láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ní kó kọ?