Èmi Ni Kò Fa Bíréèkì Bọ́gì Gẹdú

Ẹ má tíì dá orin, ẹ̀yin ará ìjọ. Bàbá Wòlíì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi jókòó. Ikùn mi tó wú yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, bí mo bá sì kú láì sọ̀rọ̀, irọ́ ni yóò di òtítọ́ ní Òde-Ayé. Jethro tí a lé kúrò nílùú kọ́ ló pa Morìnsọ́lá. Èmi Ambrose ni. Àbí báwo ni kí n ti sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ náà kò tò lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin àgbà rántí rélùwéè kékeré tí iléeṣẹ́ gẹdú là, tó ń kó igi láti inú igbó lọ sí etí omi. Ní 1964, Jethro ló ń wa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èmi ni mò ń fa bíréèkì àwọn bọ́gì tí igi wà lórí wọn. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n Jethro fẹ́ gbé Dora tó jókòó níbẹ̀ yẹn níyàwó, ọkàn tèmi náà sì wà lára Dora, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo irú ọ̀rẹ́!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dúró lórí òkè tó kọjú sí omi. Jethro fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára àwọn bọ́gì kó lọ rọ omi sí i. Dora ti gbé oúnjẹ wá fún un, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Jethro ké sí mi pé, "Ambrose, ṣé o ti fa bíréèkì?" Mo ní, "Mo ti fà á." N kò fà á. Ṣé mo gbàgbé ni? Ṣé mo fẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni? Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Lónìí mo ní mo gbàgbé, lọ́la mo ní irọ́ ni.

Bí Jethro ṣe tú ẹ́ńjìnnì, bọ́gì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sísàlẹ̀. Morìnsọ́lá tó ń ta pupuru fún àwọn òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀ òkè kẹ̀yìn sí i, ó ń bu ọbẹ̀. A kígbe, kò gbọ́, gẹdú sì já lé e lórí. Gbádégẹṣin ọkọ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí wọ́n bi wá léèrè ní kóòtù, Jethro ní, "Ambrose sọ fún mi pé òun ti fà á." Mo fi Bíbélì búra, mo ní kò bi mí rárá, pé ńṣe ló kàn tú ẹ́ńjìnnì. Jethro ní, "Ambrose, wò mí lójú." Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó dé, àwọn obìnrin ìlú ń da yẹ̀pẹ̀ lù ú, wọ́n fi lé e jáde nílùú, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ́ ní Àrógbò. Mo fẹ́ Dora. Ó bi mí nígbà kan pé, "Ṣé Jethro ló ṣe é lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sunkún, èmi náà ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Dora, má bojú. Gbádégẹṣin, ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o ṣe sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá purọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó fi orí rù ú. Ìyá Jethro ṣì wà láyé. Ẹ rán ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àrógbò. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé.